Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Dúráyà Kì í Gbọ́rọ̀

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é, orúkọ náà sì ń ro ó. Bó bá ki ọwọ́ bọ irun ọmọ ẹlẹ́kún, ọmọ á sùn lọ. Bó bá ń tú irun tó ti lọ́ mọ́ra fún oṣù mẹ́ta, ẹni tó ni orí á máa wo inú jígí bí ẹni pé orí aládùúgbò ni wọ́n ń tú. Obìnrin ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọmọ ogún ọdún ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irun, kò sì sí ohun tó fi ń yangàn ju ọwọ́ náà lọ, àfi àdúrà.

Àdúrà ni wọ́n fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹnikẹ́ni tó mú ìgbálẹ̀, òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì á tò síwájú jígí gígùn, wọ́n á di ojú. Ìyá Ìbejì ni àgbà nínú wọn, abiyamọ tó ti bímọ mẹ́ta kó tó wá kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá a lẹ́nu. Èkejì ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín rẹ̀ a máa ṣáájú ọ̀rọ̀ tó pa á lẹ́rìn-ín. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ á wá gbé ohùn sókè pé, "Olúwa, orí tí wọ́n bá ṣí síwájú wa lónìí, má jẹ́ kó tẹ́. Àléébù tí ojú wa bá rí, kí ọwọ́ wa bò ó, kí ẹnu wa má tú u." Wọ́n á ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni yóò ki orí, bí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ti máa ń kì í nígbà tó bá ń dirun fún un ní kékeré:

Orí, aṣáájú ara,
Ìwọ lo ń gba òjò kí èjìká tó tutù,
Ìwọ lo ń gba oòrùn kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́,
A-gbẹ́rù-má-ráhùn,
Wá jókòó, kí n tọ́jú rẹ.

Oníbàárà tó bá tètè dé tó bá wọn lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ á balẹ̀ kó tó jókòó.

Ṣùgbọ́n kò síṣẹ́ tí kò ní òfin tí wọn ò kọ sílẹ̀. Òfin ṣọ́ọ̀bù yìí ni pé ẹni tó wà lábẹ́ dúráyà kì í gbọ́rọ̀. Dúráyà méjì ni wọ́n ní, àwọn ẹ̀rọ oníkòkò ńlá tí wọ́n máa ń dé mọ́ oníbàárà lórí, tí atẹ́gùn gbígbóná á máa fẹ́ nínú rẹ̀ láti gbẹ irun. Ariwo rẹ̀ dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ó lè rí ètè tó ń mì, kò ní mọ ohun tí ètè náà ń wí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé sọ lójú olórí, wọ́n á fi pamọ́ títí orí náà á fi wọ abẹ́ kòkò. Ìgbà yẹn ni wọ́n á wá sọ pé ẹni yìí kò fomi kan orí láti ìgbà ìkókó, tàbí pé tọ̀hún fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ tirẹ̀. Wọn kò ka èyí sí òfófó. Iyọ̀ iṣẹ́ ni.

Dúráyà kọ̀ọ̀kan ní aago kékeré. Bí àsìkò tí wọ́n yí sí bá pé, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, aago á sì dún. Ti dúráyà igun yàrá le jù, ó máa ń mú ẹni tó ń tòògbé fò dìde. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà dán wò ní òwúrọ̀, aago rẹ̀ dún sáàárín àdúrà; Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ mú irin tí wọ́n fi ń tú ìdè, ó tú u kúrò, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó pín-ìn-nì sí. Láti ọjọ́ náà, aago ara ògiri ló ń wò.

Abẹ́ dúráyà igun yẹn ni Màmá Tísà máa ń jókòó sí. Olùkọ́ àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó ṣì ń rìn bí ẹni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé tò tẹ̀lé e lẹ́yìn. Láti ọdún mẹ́fà ló ti ń wá, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní Sátidé, bí aago bá ti lu mẹ́wàá. Ní àárín orí rẹ̀, ojú ibì kan pá, ó fẹ̀ tó ọmọ àwo tí wọ́n ń gbé ife lé, ó ń dán, kò sí gbòǹgbò irun kan níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, òun fúnra rẹ̀ ló tú síkáàfù, ó tẹjú mọ́ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ nínú jígí, ó ní, "Wò ó dáadáa."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wò ó. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màmá. Èmi ni màá máa bò ó fún yín. Kò ní hàn sí ẹnì kankan mọ́."

Omi lé ròrò sí màmá lójú. Ó mi orí, ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀. Ó ti tó."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ rò pé ọpẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún mẹ́nu bà á nínú àwọn méjèèjì. Kò béèrè ohun tó fa ojú pípá náà rí. Ó ka àìbéèrè sí ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n àìbéèrè kò ní kéèyàn má rò, ó sì ti rò ó títí èrò náà fi di òótọ́ lọ́kàn rẹ̀.

Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Màmá Tísà fẹ́ ṣe irun tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé ní ọjọ́ Ajé. Wọ́n fọ irun náà, wọ́n fi rólà méjìlélógún ká a, wọ́n dé dúráyà mọ́ ọn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago ara ògiri lu mọ́kànlá. Oníbàárà mìíràn wà lábẹ́ dúráyà kejì, èyí tó ń pariwo jù.

Ẹni tó wà lórí àga àárín jẹ́ oníbàárà tuntun, nọ́ọ̀sì kan tí ẹnu rẹ̀ mú, tí wọ́n ń dirun fún. Òun ló béèrè ohun tó dé tí màmá yẹn fi ń sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ bí ọmọ tó jí gàrí jẹ. Ìyá Ìbejì ń di irun rẹ̀ lọ. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ní ìdáhùn lẹ́nu: ibẹ̀ ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Ṣùgbọ́n oníbàárà tuntun ni nọ́ọ̀sì, ogunlọ́gọ̀ obìnrin ló sì wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe irun wọn. Ó wu Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kí nọ́ọ̀sì mọ ohun tí ọwọ́ òun lè ṣe.

"Ẹ dúró kí n ṣe é tán kẹ́ ẹ wò ó," ló wí. "Ẹ ò ní mọ̀ pé òṣùpá ń bẹ níbẹ̀."

"Òṣùpá báwo?"

"Òṣùpá ni o. Ó yọ roboto láàárín orí. Àwa là ń ṣe ìkùukùu."

Ẹ̀rín Ẹlẹ́rìn-ín ti kọ́kọ́ bẹ́. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín títí Ìyá Ìbejì fi ní kó jọ̀ọ́, kó gbé orí dúró sójú kan. Ó wá béèrè ohun tó fà á. Ó ní iṣẹ́ ìtọ́jú ló mú òun béèrè. Bí ẹnu bá sì ti mọ adùn, kì í fẹ́ pa dé.

"Kí ló tún ń tu irun àgbàlagbà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò bí kì í bá ṣe ọwọ́ ọkọ?" Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ di ìdì irun àfikún kan mú, ó fi ọwọ́ òsì fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń fa ewúrẹ́. "Báyìí. Ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n ó ti buwọ́ lùwé kó tó lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ títí ojú rẹ̀ fi bá aago ara ògiri. Ó ti di mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó sáré lọ sí igun, ó ká kòkò dúráyà sókè.

Kò sí atẹ́gùn kankan tó fẹ́ lù ú lójú.

Ó fọwọ́ kan rólà iwájú. Rólà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abẹ́ dúráyà bọ̀ máa ń jó èèyàn lọ́mọ-ìka. Èyí tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ó fọwọ́ kan èkejì. Ó fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn etí. Ọfà tí wọ́n fi ń yí àsìkò ti padà sí òdo. Ẹ̀rọ náà ti pa ara rẹ̀ láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sì sí aago tó máa kéde rẹ̀, nítorí pé inú dúrọ́ọ̀ pín-ìn-nì ni aago wà. Ariwo tí wọ́n ń gbọ́, ti dúráyà kejì ni. Màmá Tísà, tí kì í dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kó dìde, jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ kòkò náà, gbogbo ọ̀rọ̀ sì wọlé tọ̀ ọ́.

Ó gbójú sókè sí jígí. Màmá Tísà ń wò ó.

"Ṣé ó ti gbẹ?"

"Ó ti gbẹ, mà."

Ó tú rólà méjìlélógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn ń já lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù ń fẹ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀bẹ̀, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn, bí kò bá sì bẹ̀bẹ̀, ó ń purọ́ sí i ni. Ó ya irun láti ọ̀tún, ó gbé e gba orí ojú pípá náà lọ sí òsì bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyarun bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá a mú un.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá parí ni màmá máa ń sọ pé ọwọ́ ẹ ò ní rọ. Lọ́jọ́ náà kò sọ ọ́. Ó mú síkáàfù, ó wé e lé irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ó sì so ó le. Ó kí gbogbo wọn kú iṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, ó dúró díẹ̀. "Ẹ̀rín ẹ dùn, ọmọ mi," ló wí. "Má jẹ́ kó sọnù." Ó sì jáde.

Ìyá Ìbejì rọra béèrè bóyá dúráyà igun ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn ń sọ̀rọ̀. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ jágbe mọ́ ọn pé kó gbájú mọ́ orí tó wà níwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, aago lu mẹ́wàá ní Sátidé, Màmá Tísà kò wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, kò wọlé. Àga igun ṣófo, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé ẹlòmíràn sí i lọ́jọ́ méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ń gbàdúrà ìṣíṣọ́ọ̀bù tó dé ibi "kí ẹnu wa má tú u," ó dá a dúró. Ó ní kí Ìyá Ìbejì bá òun parí rẹ̀. Nílé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó rọ ọkàn Màmá Tísà, kó jẹ́ kó gbàgbé. Ibẹ̀ ló wà tí ojú rẹ̀ fi là. Ọlọ́run ló ń rán níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀, kí òun fúnra òun má bàa rìn ín.

Ó rìn ín ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ilé alájà méjì ni, màmá ń gbé lókè. Ó gun àkàsọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán sí ọ̀gá ilé-ìwé, ó kan ilẹ̀kùn. Màmá Tísà ṣí i láìbo orí. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé tàn sórí ojú pípá náà, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ sì wo ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Wọlé," ni màmá wí. "Ilé mi ni mo wà. Mi ò bo nǹkan kan níbí."

Yàrá náà mọ́ tónítóní. Ìwé wà lórí tábìlì, àwòrán ọkùnrin kan wà lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi pẹ́ńsù káfíńtà há etí. Lábẹ́ àwòrán náà ni jígí onígi kan wà, olójú méjì, tí wọ́n fi ìdè so pọ̀ bí ilẹ̀kùn àpótí. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kò dúró kí wọ́n fún òun ní àga. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó ti ń kọ́ sórí láti ilé. Ó ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni.

"Má da èṣù láàmú, ó níṣẹ́ tiẹ̀," ni màmá wí. "Kí lo ń tọrọ àforíjì fún gan-an?"

"Fún òṣùpá tí mo sọ, mà."

"Òṣùpá kì í ṣe nǹkan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ti pè mí ní ohun tó burú jù ú lọ, mo sì tún bá wọn máàkì ìwé wọn. Kí ló kù?"

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ wá a, kò rí i. Màmá Tísà yí ojú sí àwòrán ara ògiri.

"Ọkọ mi ló kù," ló wí. "Dìde, jókòó. Ó ní ohun tí mo rò pé o mọ̀."

Ó wá sọ ọ́, bí ẹni ń ka ìwé sétí kíláàsì, kò gbóhùn sókè, kò sunkún. Ó ti di ọdún méjìlélógún. Ṣọ́ọ̀bù irun kan wà nígbà náà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, tí ọ̀gá ibẹ̀ jẹ́ obìnrin sísanra tí kì í sọ̀rọ̀ bí kò bá jágbe. Lọ́jọ́ tí òun lọ, ọ̀gá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọmọṣẹ́ kan, ọmọbìnrin tín-ín-rín kan, lójú gbogbo èèyàn, pé bí oníbàárà kan ṣoṣo bá tún fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ sílé. Ọmọ náà ló fi rìlásà sí òun lórí, ìpara tí wọ́n fi ń na irun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó béèrè bóyá ó ń ta òun. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti ń ta òun. Àárín orí òun ń jó bí ẹyin iná. Òun ní kò ta òun. Ọ̀gá wá ké sí ọmọ náà síta, ó mú un dúró lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ìnura kan tó sọnù. Ó sáré wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó béèrè, òun ní kò ta òun. Wọ́n tún pè é. Ó tún padà wá, ó tún béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lo béèrè," ni Màmá Tísà wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kò ta mí. Olùkọ́ ni mí, mo mọ ojú ọmọ tí wọ́n fẹ́ lé kúrò ní ilé-ìwé. Mo rò pé mo lè fara dà á títí wàá fi fọ̀ ọ́."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ni ọmọṣẹ́ náà. Ó rántí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó rántí aṣọ ìnura náà, aláwọ̀ ewé, abẹ́ àga ni wọ́n ti rí i níkẹyìn. Ó rántí bí òun ṣe ń sáré wọlé tí òun ń sáré jáde, tí òun ń béèrè, tí wọ́n ń dá òun lóhùn pé ó dára. Ojú ẹni tó wà lórí àga ni kò rántí rárá. Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́.

Màmá ní ilé ni awọ orí òun ti ṣí mọ́ síkáàfù. Ọkọ òun di bàtà, ó fẹ́ lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù náà. Òun di ilẹ̀kùn mú, òun ní ọmọ ọlọ́mọ á pàdánù iṣẹ́. Nígbà tí irun kò hù mọ́, ọkọ òun rẹ́ pákó, ó ṣe jígí olójú méjì yẹn kí òun lè máa rí ẹ̀yìn orí òun. Láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ káfíńtà, á dúró lẹ́yìn òun, á ya irun náà bò ó.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún," ni màmá wí. "Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí pákó, kò sì fa irun kan já rí. Òun lo fi ìdì irun ṣàpèjúwe fún wọn."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ìtìjú tó mú un kì í ṣe èyí tó gbé wá. Èyí tó gbé wá, ó ti mọ bó ṣe wúwo tó, ó ti dì í mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Èyí kò ní ibi tí wọ́n ti ń dì í mú.

"Nígbà tó kú, mi ò rí ẹni tó máa bò ó," ni màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo wá ẹ kiri. Mo ní kó o wò ó dáadáa. O gbọ́wọ́ lé e, o ní ìwọ ni wàá máa bò ó. Mo rò pé o dá mi mọ̀. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ lo ń bẹ̀ mí láti ọdún mẹ́fà wá, lọ́sẹ̀ méjì-méjì, láìlanu. Mo sì ti gba ẹ̀bẹ̀ náà."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ béèrè nínú omijé pé kí ló dé tí màmá kò sọ nígbà náà pé ó ń ta òun.

"Bí mo bá sọ ọ́ ni, irun mi ì bá wà," ni màmá dáhùn. "Mo ti rò ó títí. Àánú mi náà ní ọwọ́ nínú ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ọdún mẹ́fà, o ò bi mí léèrè ohun tó ṣe mí lórí."

Màmá Tísà dìde, ó tún àwòrán tó wọ́ díẹ̀ lára ògiri ṣe.

"Mi ò bá ẹ jà nítorí orí mi. Ṣùgbọ́n ibi tó o ti bọ́ ọkọ mi láṣọ, ibẹ̀ ni kó o ti wọ̀ ọ́ padà fún un. Kì í ṣe níbí. Èmi mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ẹ ó wá, mà, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ?"

"Mo ti gbọ́ ti àkọ́kọ́," ni màmá wí. "Ó tó mi."

Nígbà tí Sátidé máa pé, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ti rí ọgbọ́n mẹ́rin tó lè dá. Ó lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ nìkan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù. Ó lè sọ pé òun ṣi ọkọ náà mú fún ọkọ ẹlòmíràn. Ó lè yọ ọwọ́ ara rẹ̀ kúrò, kó ní onídìrí kan ni, láyé àtijọ́. Ó lè gbà á ládùúrà. Lórí ìkẹrin yìí, ojú tì í níwájú Ọlọ́run.

Ṣọ́ọ̀bù kún lọ́jọ́ náà ju bó ti ń kún lọ. Nọ́ọ̀sì padà wá, ó sì kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn, nítorí pé ó ti ròyìn ọwọ́ Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ fún wọn ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn wọn. Yíyangàn ti so èso. Méjì wà lábẹ́ dúráyà, Ìyá Ìbejì ti fi rìlásà sí ẹ̀kẹta lórí, ó ti yí sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ láti tú irun rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì wo àga igun tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí, ó rẹ́rìn-ín.

"Òṣùpá yẹn ńkọ́? Mo sọ ọ́ fún wọn níbi iṣẹ́, wọn ò gbà gbọ́. Màmá tí ọkọ rẹ̀ buwọ́ lù lórí."

Ó ti dé wọ́ọ̀dù. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kò tíì ronú kan ìyẹn. Àwọn èèyàn tí kò mọ káfíńtà náà, tí wọn ò rí ẹ̀rín rẹ̀ lára ògiri rí, ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀rín.

Ó rìn lọ sídìí dúráyà kìíní, ó pa á. Ó pa èkejì. Ó ká àwọn kòkò náà kúrò lórí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń wò ó pé ṣé ó ti gbẹ ni. Ó pa fáànù. Wọn kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án Sátidé. Ó dúró níwájú jígí gígùn, níbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, kò sì di ojú.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Màmá Tísà, irọ́ ni," ló wí. "Ọkọ wọn ò fọwọ́ kan orí wọn rí àfi láti tún un ṣe. Èmi ni mo jó orí yẹn. Ọmọṣẹ́ ni mí nígbà náà, rìlásà ni mo fi sílẹ̀ títí ó fi hó wọn lórí. Wọ́n bò mí láṣìírí kí wọ́n má bàa lé mi lọ. Èmi wá jókòó síbí, mo fi wọ́n dápàárá fún yín."

Ẹlẹ́rìn-ín wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ti abẹ́ dúráyà jáde mú báàgì rẹ̀ lé itan, bí ẹni tó ń ronú bóyá kí òun dìde. Nọ́ọ̀sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ rí gbogbo wọn nínú jígí, ó sì rí ara rẹ̀ láàárín wọn. Kò sí ibi tó lè gbé ojú sí. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé bó ṣe gbé ti àkọ́kọ́ dé wọ́ọ̀dù, kó jọ̀ọ́, kó bá òun gbé èyí náà dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì mi orí pé òun ti gbà.

Ohùn kan wá láti orí àga ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n ìfọrun. Ẹlẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì ni, ìkẹta wọn, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti wọlé. Rìlásà funfun bo gbogbo orí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí. "Ẹ má bínú. Ṣé wọ́n lè fọ tèmi?"

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń ṣe mí bákan. Mo rí i pé ọwọ́ yín dí, mi ò wá fẹ́ dà yín láàmú."

Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí Ìyá Ìbejì tó yí padà. Ó dá orí rẹ̀ sẹ́yìn sínú ọpọ́n, ó ṣí omi tútù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìpara náà kúrò, ó ń da omi, ó ń da omi. Ojú rẹ̀ náà ń da omi tirẹ̀, kò sì nù ún.

"Ṣé ó ń ta yín?"

"Kò—" ni ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀. Ó ṣíjú wo obìnrin tó tẹ̀ bò ó, ó rí i bó ṣe dúró tó ń retí èsì, tí omi ń ṣàn lọ ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ó ń ta mí," ló wí.

"Níbo?"

Ọmọbìnrin náà gbé ìka sókè, ó fi hàn án.